Wáyà Abẹ́ Ẹní Kòkó

Màámi, láràárọ̀ kí n tó lọ síléèwé, mo máa ń sá kòkó baba onílé mi sórí ẹní lẹ́yìnkùlé, màá fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ẹ kí oòrùn lè kàn án. Bàbá onílé yìí wà lára àwọn tó ń bá ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n oníwáyà dúnàádúrà àdéhùn tuntun fún ìlú. Wọ́n ní àwọn ò tíì gbà. Ṣùgbọ́n wáyà ilé iṣẹ́ náà ti gba abẹ́ ẹní yìí wọ yàrá Bàbá.

“Ọmọ Ìsẹ́yìn, bò ó dáadáa o!” Bàbá á wí bẹ́ẹ̀, wọ́n á rẹ́rìn-ín.

Mo ń gbádùn Ìdànrè. Bàbá nìkan ló ń bá mi ṣeré.

Ẹ bá mi kí Happiness àbúrò mi; kó má tíì kó sí yàrá mi. Lọ́la, tí ìlú bá ń ṣèpàdé lẹ́yìnkùlé wa, màá ká ẹní kúrò lórí wáyà, iwájú ilé ni màá sá kòkó sí.