Ẹni Kọkànlélógójì

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ tìfẹ́tìfẹ́. Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ara tèmi le. Tìrẹ ni mò ń béèrè o, kì í ṣe ẹnu lásán ni mo sì fi ń béèrè rẹ̀ lónìí. Bí o bá wà lórí ìdúró, jọ̀ọ́, jókòó.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó ṣe kókó. Bébà nọ́ńbà kọkànlélógójì tí o lẹ̀ mọ́ ògiri yàrá ìwádìí wa, tí o ní kí n wá ẹni tó ni ín kí ọkàn rẹ̀ má bàa dákẹ́ lójijì, ìwọ lo ni ín. Ó ti pé ọjọ́ mọ́kànlá tí mo ti mọ̀.

Ìlara ló dí mi lẹ́nu. N kò ní wá ọ̀rọ̀ dídùn fi bò ó. Láti kékeré ni Màmá ti ń pè ọ́ ní Ọ̀jọ̀gbọ́n, èmi ni wọ́n ń pè wá fọ abọ́. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti ń lẹ wáyà mọ́ àyà àwọn èèyàn, tí ẹ̀rọ sì ń ya ìlà sórí bébà láti fi iná mànàmáná kéékèèké tó ń mú ọkàn wọn lù hàn. Ìwọ gbé ìwé ẹ̀rí dé, o di ọ̀gá mi láàárín oṣù kan. Mo máa ń sọ nínú ara mi pé bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Àkísà ọ̀hún ni mo wá ń fi yangàn!

O rántí ọjọ́ Ajé tó ku obìnrin kan tí ara rẹ̀ le kí iye àwọn tí a fẹ́ fi ṣe àfiwé tó pé. O ní kí n fi tìrẹ kún un. O bọ́ bàtà, o dùbúlẹ̀, o ń bá àwọn àlejò tó wá wo iṣẹ́ wa sọ̀rọ̀ lọ. Bí bébà ṣe ń jáde ni mo rí i pé nínú ìlà ọkàn rẹ, àlàfo tó wà láàárín òkè ṣóńṣó àti òkè kékeré tó ń tẹ̀ lé e ti gùn jù. Mo ní, "Ọ̀jọ̀gbọ́n, wo ibí yìí." O ò tilẹ̀ yí ojú sí mi. O ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣáà bá wa yà á, ẹ jẹ́ ká máa kà á." Àwọn àlejò rẹ́rìn-ín. Mo kọ nọ́ńbà sí i gẹ́gẹ́ bí òfin wa pé orúkọ ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ hàn lórí bébà, mo kọ orúkọ rẹ sínú ìwé tó wà lábẹ́ kọ́kọ́rọ́ mi, mo sì pa ẹnu mọ́.

Ó yẹ kí n sọ lọ́jọ́ kejì. Ṣùgbọ́n o rí bébà náà láàárín àwọn yòókù, o fò sókè, gbogbo wọn pàtẹ́wọ́, wọ́n ní ojú rẹ mú. Ojú ta ló kọ́kọ́ rí i? Láti ìgbà náà, àràárọ̀ lò ń wá sẹ́nu ọ̀nà mi: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákun, ẹ bá mi wá orúkọ ẹni náà." O kò bẹ̀ mí bẹ́ẹ̀ rí láyé. Ó dùn mọ́ mi. Mo ń dá ọ lóhùn pé mo ṣì ń wá a, mo sì ń tan ara mi pé bóyá wáyà kan ló yẹ̀.

Àná ni Màmá sọ fún mi pé o ṣubú lórí àtẹ̀gùn wọn, pé ojú rẹ ṣókùnkùn, o sì ní ebi ni. Kì í ṣe ebi. Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún bí ọmọ ọwọ́. Kí ni ǹ bá sọ fún wọn ká ní o kò dìde?

Dírẹ́bà tó mú lẹ́tà yìí wá yóò dúró dè ọ́. Dókítà ọkàn ti rí ẹ̀dà bébà náà, ó sì ń retí rẹ báyìí. Má sáré, má gun àtẹ̀gùn, má lo oògùn kankan kí o tó rí i. Ojú ló tì mí tí n kò fi wá fúnra mi. Bí o bá gbà, màá wá bá ọ níbẹ̀.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí n fi ọwọ́ ara mi sin àbúrò mi. Kí ọkàn rẹ máa lù títí o ó fi darúgbó, kí àwọn ọmọ rẹ jẹun lọ́wọ́ rẹ pẹ́.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ tó ṣẹ̀ ọ́.

Àfikún: Mo lẹ wáyà mọ́ àyà ara mi láàárọ̀ yìí. Tèmi ń lù geere, kò ní àbùkù kankan. Ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ní tí ìwọ kò ní nìyẹn, n kò sì fẹ́ ẹ.