Blẹ́ńdà Tí Kò Ní Nọ́ọ̀tì

Sabon Gari, Kano

Àbúrò mi Bartholomew,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó wa àti àwọn ọmọ. Ilé oúnjẹ mi ń tajà dáadáa. Orúnkún ló ń yọ mí lẹ́nu. Ṣùgbọ́n Pamílẹ́rìn, ọmọ ọmọ mi, ń wúkọ́.

Blẹ́ńdà tí o fi ránṣẹ́ ní Kérésì ti dákẹ́. Pamílẹ́rìn wò ó, ó ní, "Kaka, ya mutu," pé ìyá àgbà, ó ti kú. Sàlámì tó ń tún ẹ̀rọ ṣe yí i síwá sẹ́yìn, kò rí nọ́ọ̀tì tí yóò tú. Gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ pa. Bẹ́ẹ̀ èyí tí Màmá fi sílẹ̀, tó ní nọ́ọ̀tì, ṣì ń lọ ata!

Àwọn blẹ́ńdà tó kú ṣáájú rẹ̀ wà lórí ààtàn ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa. Àwọn tó ń ṣa irin ń sun wọ́n láti yọ wáyà inú wọn, èéfín náà ni ọmọ yìí ń fà símú.

Mo mọ̀ pé ìfẹ́ lo fi rà á. Àwọn tó ṣe é ni mò ń bínú sí: wọ́n mọ̀ pé yóò bàjẹ́, wọ́n sì tì í pa. Jọ̀ọ́, má fi òmíràn ránṣẹ́, àfi bí o bá yí ìdí rẹ̀ wò tí o rí nọ́ọ̀tì.

Orúnkún mi yìí, Ọlọ́run tó dá a ṣì ń tún un ṣe. Kò sọ mí nù, kò ní sọ ìwọ náà nù o.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Zipporah