Ahun Èémí

Ojúlé Kẹrìnlá,
Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀bù Aránṣọ.
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kẹfà.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà, ìkejì mi nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ ìyá wa ti fúyẹ́? Nínú àwọn ọmọ, mélòó ló ti ga jù ọ́ lọ? Àwa náà ń bẹ, a dúpẹ́.

O ní kí ló dé tí n kò yà sílé rẹ láti ọdún mẹ́rin tí wọ́n ti gé ibi tó bàjẹ́ lára ẹ̀dọ̀fóró mi kúrò. Òótọ́ rèé: àtẹ̀gùn ilé rẹ ni. Mẹ́rìndínláàádọ́ta ni, mo ti kà á.

Ìwọ náà mọ̀ pé bí aṣọ oníbàárà kò bá tó, ńṣe là á máa ṣọ́ ọ gé. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń ṣọ́ èémí ná. Mo ń mí díẹ̀díẹ̀, mo ń sọ̀rọ̀ díẹ̀. Mo tilẹ̀ pa eré ìdárayá mímí tí wọ́n kọ́ mi lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ tì, mo ní ìnákúnàá ni. Ìyàwó mi bá sọ mí ní Ahun Èémí. Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo ṣọ́ ẹ̀rín náà rín.

Nígbà tó yá, n kò lè rìn dé ìdí ẹ̀rọ omi kí n má mí hẹlẹhẹlẹ. Ìyàwó mi wọ́ mi lọ sọ́sípítù. Nọ́ọ̀sì fi nǹkan bíi péègì ìsáṣọ tó ń wọn afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ há mi níka, ó ní kí n máa rìn lọ rìn bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́fà.

"Bàbá, bó bá fi lè rẹlẹ̀ ju 88 lọ, ẹ̀yin àti sílíńdà afẹ́fẹ́ lẹ ó jọ máa gbé o."

95 la fi bẹ̀rẹ̀. Ó di 92. Ó di 90. Lórí bẹ́ǹṣì, ìyàwó mi di etí gèlè rẹ̀ mú. 89! Mo dúró gbọin, mo sé èémí.

"Kí lẹ ń ṣe yẹn?"

"Mò ń ṣọ́ ọ ná ni."

"Ta lẹ ń ṣọ́ ọ dè? Ẹ fà á, kó dé ìsàlẹ̀!"

Mo fà á. Ojú àpá ibi tí wọ́n ti gé mi há mọ́ mi bí aṣọ tí wọ́n rán há jù. 90. 91.

Dókítà ní bí a kò bá na èyí tó kù, ńṣe ni yóò máa sún kì. Mo ní, "Háà, rọ́bà ṣòkòtò ni!" Ìwọ náà mọ èyí tó bá pẹ́ nínú dúrọ́ọ̀ láìfà: gbígbẹ ní ń gbẹ. Mo rò pé èémí ni mò ń tọ́jú, àṣé ẹ̀mí ni mo fẹ́ẹ́ sọ nù.

Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fún mi kí wọ́n tó tún un wọ̀n. Bí kò bá gòkè, sílíńdà ni. Ẹ̀rù ń bà mí, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n mò ń fà á nígbà mẹ́wàá-mẹ́wàá, láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́.

Bá mi kí ìyá wa àti gbogbo ilé. Lọ́jọ́ Sátidé, gbé àga kan tí n ó fi sinmi sórí àtẹ̀gùn kẹtàlélógún, kí o padà sókè, kí o jókòó. Má sọ̀ kalẹ̀ wá pàdé mi. Bí o bá gbọ́ tí ẹnì kan ń mí bí ewìrì, má jáyà: mò ń ná an ni.

Èmi ni tìrẹ tó ṣì ń kà á,
Oníwọ̀n.