Lerole Kì Í Ṣe Ẹran Ìdána

                                        Ha Mokoto,
                                        Lókè Semonkong,
                                        Lesotho.
                                        Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 18, oṣù Keje, 2024.

Potso, ọmọ bàbá mi kékeré,

Lerole, ẹṣin mi, ti padà sí ọgbà mi láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ti òsì ti là padà níbi tí wáyà ti gé e nígbà kan, kò sì lè fi í tẹlẹ̀ dáadáa. Mo fi èyí ṣíwájú ìkíni kí o má baà sọ pé o ò tíì ka ìwé náà débẹ̀.

Ìyá rẹ ńkọ́? Ṣé ikọ́ tó ń bá a fínra nígbà òtútù tó kọjá ti lọ? Sọ fún un pé aṣọ ìbora tó fi ránṣẹ́ dé ọwọ́ mi, òun ni mo dà bora bí mo ti ń kọ ìwé yìí. Selloane, àfẹ́sọ́nà rẹ, náà ńkọ́? Bá mi kí i, èmi àti òun kò ní ìjà. Ìwọ ni mi ò béèrè àlàáfíà rẹ. Àwọn tó rí ọ níbi eré ẹṣin lọ́jọ́ Àbámẹ́ta sọ fún mi pé ara rẹ le, àti pé kò sí ẹni tí ariwo rẹ̀ tó tìrẹ níbẹ̀.

Jẹ́ kí n to ọ̀rọ̀ náà bó ṣe ṣẹlẹ̀, nítorí mo gbọ́ pé o ti ń tò ó lọ́nà mìíràn. Ní oṣù Karùn-ún ọdún tó kọjá, lọ́jọ́ tí o wá kí mi, èmi àti ìwọ la jọ rí ẹṣin náà nínú kòtò àgbàrá lábẹ́ ojú ọ̀nà. Wáyà ti wé mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti rà lábẹ́ gàárì tí ẹnìkan gbàgbé sí i lára. O ní kí a fi í sílẹ̀ fún igún, èmi ni mo ní ká yọ ọ́. Baálẹ̀ kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹran tó ṣáko, ẹnikẹ́ni ò yọjú. Nígbà tí ọjọ́ pé, ó ní kí n máa mú un. Akọ̀wé baálẹ̀ béèrè orúkọ ẹni tí òun máa kọ sínú ìwé ẹran. Mo ní kó kọ Potso, torí ìwọ ni ọkùnrin kan ṣoṣo tó kù nílé wa. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ilé ń ṣe níbí, mi ò sì rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Èmi tí mo fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọ́ ọmọ ènìyàn ní ìtàn! Àṣìṣe mi nìyẹn, mo gbà á.

Oṣù méjìlá ni mo fi tọ́jú rẹ̀. Omi iyọ̀ láàárọ̀, omi iyọ̀ nírọ̀lẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ẹsẹ̀ náà, torí náà mo máa ń dojú korobá dé létí ọgbà, n óò jókòó lé e, n óò kọ̀yìn sí i, títí ó fi wá gbóòórùn fìlà mi fúnra rẹ̀. Nígbà tí mo ṣàkíyèsí pé ìró irin ń já a láyà, mo yọ ṣéènì ẹnu ọ̀nà, mo fi okùn rọ́pò. Mo fẹsẹ̀ rìn, mo fà á lọ sódò, mo fà á bọ̀, fún odindi ìgbà òjò kí n tó gbé gàárì lé e. Nínú oṣù Kẹrin ọdún yìí ló tó bọ́ sí ìrìn ẹṣin òkè wa, èyí tí èèyàn lè fi di ife tíì mú lórí rẹ̀ kó má dà. Ìgbà méjì ni o yà wò wá láàárín gbogbo ìyẹn, ọ̀dùnkún tí wàá gbìn ni o wá gbà ní méjèèjì.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún yìí, orúnkún mi ló mú kí n wá ilé mìíràn fún un. Ìwọ lo dárúkọ Bàbá Ramatla, bàbá Selloane. O ní pápá rẹ̀ fẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì rọ̀ mọ́ ẹran. Mo ní ó dáa, ṣùgbọ́n mafisa ni. Ta ni kò mọ mafisa nílẹ̀ yìí? Ẹni tó gbà á á máa tọ́jú rẹ̀, á máa gùn ún lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àti síbi tí wọ́n ti ń lọ àgbàdo, ṣùgbọ́n ẹni tó fi sọ́dọ̀ rẹ̀ ló ṣì ni ín. Mo fi kún un pé wọn ò gbọdọ̀ fi sáré, wọn ò sì gbọdọ̀ di ẹrù lé e. N kò lè sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè yẹn, ni mo bá fi okùn lé ọ lọ́wọ́, mo sì rán ọ ní ọ̀rọ̀. Okùn nìkan ni o jíṣẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí mo gbọ́ pé wọ́n fi Lerole sáré lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, pé ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti là, ọkọ̀ tó ń kó àgbàdo ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ wọn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Bàbá Ramatla àti àwọn àbúrò rẹ̀ ń yá oòrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Ìyá Olùkọ́, ẹ káàbọ̀ o! Ẹ wá wo ẹṣin wa?"

Mo ní, "Ẹṣin yín wo?"

"Ẹṣin ìdána ńkọ́? Potso fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ níṣojú gbogbo àwa tẹ́ ẹ rí yìí. Ó ní màlúù ṣì ń bọ̀, ẹṣin ti wọlé ná. Àbí wọ́n ti ń gba ìdána padà lọ́dọ̀ yín ni?"

Ọ̀kan nínú àwọn àbúrò rẹ̀ ní, "Ẹ mú sùúrù. Tó bá yá, wọ́n á ní ká pọ ọtí tá a jọ mu lọ́jọ́ náà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Mo dúró kí wọ́n rín in tán, mo wá sọ pé mafisa ni, pé mo ní kí wọ́n má fi sáré. Ẹ̀rín kúrò lójú Bàbá Ramatla.

"Ta ló sọ fún mi bẹ́ẹ̀? Ẹni tó mú un wá náà ló bá mi kọ́ ọ ní eré sísá!"

Mo gbà á gbọ́. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ṣùgbọ́n orúkọ rẹ ló wà nínú ìwé, ó sì ní òun ò lè fi ọ̀rọ̀ ẹnu èmi nìkan tú ìdána ọmọ òun. Ó ní kí n mú ẹṣin náà lọ, kí n bá àwọn tún un ṣe, kí n dá a padà kí eré oṣù Kẹwàá tó dé.

Ibi tí o bá mi dé nìyẹn. Láàárọ̀ tí mo bá ń wẹ ẹsẹ̀ náà, orí pápá eré ni mò ń tún un ṣe sílẹ̀ fún. Bí mi ò bá sì wẹ̀ ẹ́, á jẹrà. Dókítà ẹran ti wò ó. Ó ní á san dé ìwọ̀n ìrìn, kò ní san dé ìwọ̀n eré, àti pé bó bá tún sáré, egungun á ṣẹ́.

Nọ́ọ̀sì Khauhelo, tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ tọ́jú àwọn arúgbó ní òdì kejì odò, wá wò ó lánàá. Kò nawọ́ sí i. Ó dúró títí Lerole fi rìn tọ̀ ọ́ lọ. Ó ní òun á mú un, ìbáà ṣe ìrìn jẹ́jẹ́ nìkan ló kù tó lè rìn. Ilé tí mo ń wá fún un nìyẹn. Ṣùgbọ́n baálẹ̀ ní kò ní jáde nínú ọgbà mi, àfi kí ìwọ tí orúkọ rẹ wà nínú ìwé kọ ọ́ ránṣẹ́ bóyá mafisa ni àbí ìdána, ó sì ti ránṣẹ́ sí ọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun náà.

Má bá mi sọ̀rọ̀ ojú tí àna máa fi wò ọ́. Bàbá rẹ fi ọdún mẹ́fà wa ilẹ̀ ní ibi ìwakùsà kó tó ra ẹṣin tó fi gbé ìyá rẹ níyàwó, ìwọ fi èyí tí wọ́n yọ nínú kòtò gbé tìrẹ. Aṣọ tí mo ṣèlérí fún Selloane, mo ń rán an lọ́wọ́, á sì dé ọwọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n má yà sílé mi. Lọ́jọ́ tí baálẹ̀ bá jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí, n óò wá síbẹ̀ pẹ̀lú orúnkún mi méjèèjì, n óò sì sọ ohun tí mo kọ síbí níwájú Bàbá Ramatla láìfi ọ̀kan kún un.

Akọ̀wé baálẹ̀ kọjá níwájú ilé láàárọ̀ yìí. Ó ní àpò ìwé kan dé láti ọ̀dọ̀ rẹ nírọ̀lẹ́ àná, ó ní òǹtẹ̀ baálẹ̀ tiyín lẹ́yìn. Baálẹ̀ wa ti lọ sí Maseru, kò sì sí ẹlòmíràn tó lè tú u. Akọ̀wé ní òun gbé e sí oòrùn wò: ojú ìwé kan ni, ìlà rẹ̀ kò ju mẹ́rin lọ. Kò lè ka èwo nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì ni o kọ.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ ni mí síbẹ̀,
Mookho Sekete.