Irin Tí Kì Í Pọ́n

Màámi,

Ẹ má wo bí ìkọ̀wé mi ṣe wọ́; ọwọ́ òsì ni mo fi ń kọ ọ́. Ara mi le, mo sì ń jẹun dáadáa.

Wọ́n ti fi ẹ̀rọ tuntun lé mi lọ́wọ́ níbi tí a ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Irin bíi búlọ́ọ̀kù kékeré ni, tí wọ́n dá ihò sí lára. Inú ihò náà la ń ki ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè móoru. Èmi ni mo gbé e sórí tábìlì tó tẹ́jú, mo fà á kúrò lára ògiri, mi ò jẹ́ kí omi kán sí i. Ọ̀gá yìn mí.

Àmọ́ kì í pọ́n, kì í rú èéfín bíi áyọ́ọ̀nù eléèédú yín. Tí a bá pa á, á jókòó jẹ́jẹ́ bí àna tó wá kíni, bẹ́ẹ̀ ó ṣì ń jóni. Nọ́ńbà iwájú rẹ̀ là ń wò ká tó fọwọ́ kàn án. Lọ́jọ́ tí ẹ sin Bàámi, mi ò wo nọ́ńbà náà. Mo gbé irin náà dání títí ẹni tá a jọ ń ṣiṣẹ́ fi béèrè pé kí ló ń rùn. Kò dùn mí. Ó ní ṣé kò sí nǹkan. Mo ní kò sí.

Nọ́ọ̀sì ti wé ọwọ́ ọ̀tún mi, ẹ má dààmú.

Ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n mi àtàwọn ọmọ rẹ̀. Ẹ tún bá mi gbọ́wọ́ lé sìmẹ́ǹtì ojú oórì Bàámi, kí ẹ sọ fún mi bó ṣe rí lọ́wọ́ yín.

Èmi, àbíkẹ́yìn yín.