Ọmọ Ìfọ́n Tó Jẹ́rìí Fún Mi Níwájú Àwọn Aṣòfin

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Ẹ kú iṣẹ́ oko, ẹ kú àmójútó ilé. Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín láti Amẹ́ríkà níbí. Mo kí Ìyá mi, mo kí ẹ̀gbọ́n mi Sàfúrátù àtàwọn ọmọ rẹ̀. Ara mi le, alihamudulilahi. Òtútù ibí ń wọ eegun, ṣùgbọ́n kì í ṣe òtútù ló ń mú mi gbọ̀n lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí.

Ẹ mọ̀ pé iléeṣẹ́ wa ń ṣe ọkọ̀ òfuurufú fún àwọn ológun. Èmi kì í fọwọ́ kan irin. Kọ̀ǹpútà wà nínú ọkọ̀ náà, àwa la sì ń kọ ohun tí yóò máa ṣe fún un ní ẹsẹẹsẹ. Sọ́fúwià ni wọ́n ń pè é. Bàbá, ẹnu yà mí nígbà tí mo gbọ́ pé ìwé kíkọ yìí ń gbówó ju irin ọkọ̀ lọ! Kò sì sẹ́ni tó lè kà á bí ẹni ka ebè, ìyẹn ló fi rọrùn láti fi pamọ́ fún àwọn aṣòfin tó ń fọwọ́ sí owó náà.

Lọ́jọọjọ́ Ẹtì, a máa ń kọ wákàtí tí a fi ṣiṣẹ́ sínú káàdì, a ó sì fọwọ́ sí i. Nígbà tí iṣẹ́ náà kọjá iye tí àwọn aṣòfin gbà láyè, ọ̀gá wa, àgbàlagbà tó lè bí mi, ní kí n máa kọ wákàtí mi sábẹ́ àtúnṣe ọkọ̀ ilẹ̀, iṣẹ́ mìíràn tí n kò bá wọn ṣe rí. Mo ní ó dáa, sà. Àgbà ló sọ̀rọ̀, ṣé kí n wá máa bi í léèrè ni? Oṣù mẹ́fà ni mo fi kọ irọ́.

Àṣírí tú. Àwọn aṣòfin pè wá ká wá ṣàlàyé. Wọ́n bi ọ̀gá ta ló pàṣẹ. Họ́wù! Ọkùnrin yìí nawọ́ sí mi, ó ní òun ò mọ nǹkan kan, pé àjèjì yìí ni kò mọ káàdì kọ. Wọ́n lè dá mi padà sílé bí ọ̀daràn. Ẹ̀yin tí wọ́n lé ní Gáná mọ bó ṣe ń rí.

Ìgbà náà ni Mùdáṣírù dìde. Ọmọ Ìfọ́n ni. Ọdún méjì la ti jọ ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá kan, a ò sọ ju ẹ káàárọ̀ lọ, nítorí ìjà ilẹ̀ tó wà láàárín Ìfọ́n àti Ìlobù tiwa. Ó ní òun náà kọ irú irọ́ yẹn, pé ọ̀gá ló pàṣẹ fún àwa méjèèjì. Ó yọ ìwé pélébé tí ọ̀gá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ àṣẹ náà sí. Bàbá, mo sunkún lójú òyìnbó.

Mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Àmọ́ kí ọ̀sẹ̀ tó parí, iléeṣẹ́ ti wá ẹ̀sùn mìíràn fi lé Mùdáṣírù lọ. Ó ń ru ẹrù níwájú ṣọ́ọ̀bù kan báyìí, nínú yìnyín. Mo bi í ìdí tó fi ṣe é fún ará Ìlobù. Ó ní nígbà tí ọ̀gá nawọ́ sí mi, òun ò rántí ilẹ̀ kankan.

Mo fi lẹ́tà yìí sínú ìwé ìròyìn kí ìlú méjèèjì lè kà á. Mo mọ̀ pé ẹ ti búra pé ẹsẹ̀ yín ò ní tẹ Ìfọ́n mọ́ látìgbà ẹjọ́ ilẹ̀. Ẹ dákun, Bàbá. Ìyá Mùdáṣírù wà níbẹ̀, opó ni. Ẹ lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ má rán ẹnikẹ́ni.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí yín sí títí n ó fi dé. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé. Ọ̀sán gangan ni kí ẹ lọ o, kí ará Ìlobù àti ará Ìfọ́n rí yín.

Èmi ni ọmọ yín tí ọmọ Ìfọ́n gbà là,
Ràfíù