Wọn Ò Kì Mí Lónìí

Ìkọ̀tún, Ọjọ́bọ̀, 1976

Láti ìgbà tí mo ti kó wá sílé ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí mo bá ti kúnlẹ̀ kí wọn lẹ́yìn ilé-ìwé, wọ́n á pè mí ní Àníkẹ́, wọ́n á sì kì mí títí kan bàbá ńlá wa ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Lónìí, wọ́n rí àwòrán tí mo yà sínú ìwé báyọ́lọ́jì mi: egungun ọwọ́ ọ̀bọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ènìyàn. Mo ṣàlàyé pé olùkọ́ sọ pé inú ìran kan náà ni àwa àti ọ̀bọ ti ṣẹ̀.

"Amọ̀ l'Ọlọ́run fi mọ Ànábì Ádámà! Oríkì wo ni kí n wá fi kì ọ́ báyìí, ti ọ̀bọ àbí?"

Bí wọ́n ti ń nàka sí àwòrán náà, ọwọ́ wọn ni mò ń wò. Ó jọ ti ọ̀bọ ṣá. Kí Ọlọ́run má bínú sí mi.

Mo fa ojú ìwé náà ya fún wọn, bẹ́ẹ̀ ọ̀la ni olùkọ́ máa gba ìwé wa. Mo tún kúnlẹ̀.

"Dìde, lọ jẹun."

Wọn ò pe Àníkẹ́. Ní gbogbo Ìkọ̀tún yìí, kò sí ẹlòmíràn tó mọ oríkì mi.